Ìtàn barrette: ìrántí kọ̀ǹpútà tí a lè fi ọwọ́ ara wa fi kún

Ìtàn tí a mú wá lónìí kò ní ọba nínú, kò sì ní ogun. Ìtàn ohun kan ni tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Kútọnù ń pè ní barrette.

Ìdí tí a fi mú un wá kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń lò nílé ló jẹ́ tòkunbọ̀. Ọ́fíìsì kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ti lò ó fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé èbúté. Nígbà tí a bá fẹ́ rà á, a ó wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán, a ó béèrè bóyá bátìrì rẹ̀ ṣì ń gba iná, a ó sì dúnàádúrà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọmọ tó ń fi í kọ mémoire yunifásítì á ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta pọ̀, ẹ̀rọ á sì dákú. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ á wò ó, á ní mémoire rẹ̀ ni kò tó. (Ọ̀rọ̀ kan náà ni Faransé ń lò fún ìwé àṣejáde àti fún ìrántí ẹ̀rọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ náà rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bú.) Ẹlòmíràn á gbé ẹ̀rọ náà tà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹlòmíràn á ra barrette kan, á tẹ̀ ẹ́ bọ inú rẹ̀, á sì tún lò ó fún ọdún mélòó kan sí i.

Báwo ló ṣe di pé a lè ra apá kan ọpọlọ ẹ̀rọ lọ́jà, kí a sì fi ọwọ́ ara wa fi í síbẹ̀? Àǹfààní yẹn ní ìtàn. Ó sì ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà ní yàrá tó ń kó ẹrù pamọ́ sí, ó sì ní àtẹ níwájú rẹ̀. Yàrá ẹrù ni disíkì kọ̀ǹpútà: ohun tí a bá kó síbẹ̀ á wà níbẹ̀ bí iná tilẹ̀ lọ. Àtẹ ni ìrántí tí à ń sọ yìí, RAM, tí Faransé ń pè ní mémoire vive. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá ń ṣe lọ́wọ́, orí àtẹ ló ń tò ó sí. Bí àtẹ bá kéré, ìyá náà á máa sáré lọ sáré bọ̀ láàárín yàrá ẹrù àti ìsọ̀ rẹ̀, oníbàárà á sì máa dúró. Ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀ nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun orí àtẹ á dànù. Ẹni tí iná ti lọ mọ́ lójú níbi tó ti ń kọ̀wé tí kò tíì fi pamọ́ mọ ohun tí à ń wí.

Àtẹ àkọ́kọ́ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé dáadáa, híhun ni wọ́n hun ún. Ní 1953, ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, Jay Forrester àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi irú ìrántí tuntun kan sínú kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń pè ní Whirlwind. Òrùka kéékèèké ni, tí wáyà tín-ín-rín gba inú wọn kọjá. Òrùka kan ń di ẹyọ ìròyìn kan ṣoṣo mú: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. An Wang, ọmọ Ṣáínà tí wọ́n bí ní Shanghai tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Harvard, wà lára àwọn tó la ọ̀nà náà. Ó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí i fún IBM ní 1956, ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ fi orúkọ An Wang sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ki wáyà bọ òrùka wọ̀nyẹn jẹ́ obìnrin. Wọ́n á tẹjú mọ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, wọ́n á máa kì í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dínwó. Ìjọba, yunifásítì àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nìkan ló ní kọ̀ǹpútà nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń háyà rẹ̀. Ní àsìkò yẹn kan náà, ní 1955, ni IBM ní ilẹ̀ Faransé bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n Jacques Perret pé kó bá àwọn wá orúkọ fún ẹ̀rọ náà, ó sì mú ordinateur wá. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé atúmọ̀ Littré, pé Ọlọ́run tó ń ṣètò ayé ni wọ́n ń lò ó fún. Orúkọ ńlá fún ẹ̀rọ tó ń dákú bí a bá ṣí ojú ewé mẹ́ta!

Ẹni tó mú kí ìrántí lè dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni Robert Dennard. Ní 1966, níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní IBM, ó rò ó pé transistor ẹyọ kan, pẹ̀lú ohun kékeré kan tó ń gba iná dúró, tó láti di ẹyọ ìròyìn kan mú. Transistor mẹ́fà ni ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń fẹ́. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1968. Àléébù kan wà níbẹ̀: bí agbè tó ń jò ló rí. Iná inú rẹ̀ kì í pẹ́ jò tán, nítorí náà ẹ̀rọ ní láti máa tún un rọ kún ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsinmi, níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà. Ṣùgbọ́n agbè kékeré tó ń jò, tí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ wọ orí èékánná kan, sàn ju ìkòkò tí kò jò tó gba gbogbo ilé lọ. Lọ́dún 1968 kan náà ni Robert Noyce àti Gordon Moore dá Intel sílẹ̀, ìrántí sì ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ máa tà. Ṣíìpù 1103 wọn jáde ní 1970. Láàárín ọdún díẹ̀, òrùka híhun bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé.

Ìgbà yẹn ni kọ̀ǹpútà wọ inú ilé, àyè kékeré ló sì bá wọlé. Ní January 1975, ìwé ìròyìn Popular Electronics gbé Altair 8800 sí ojú ewé iwájú rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè rà kó sì tò pọ̀ fúnra rẹ̀. Báìtì 256 ni ìrántí rẹ̀. Báìtì kan ń gba lẹ́tà kan. Ìpínrọ̀ tí ẹ ń kà yìí kò ní wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe ohun gidi ní láti ra pátákó ìrántí lọ́tọ̀. Bill Gates, Paul Allen àti Monte Davidoff kọ èdè BASIC fún un, èyí tó ń fẹ́ 4 KB, ìyẹn báìtì bí ẹgbàajì. Pátákó 4 KB tí MITS, àwọn tó ṣe Altair, ń tà kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti so méjèèjì pọ̀: ẹni tó ra pátákó wọn á rí BASIC rà ní owó kékeré, ẹni tí kò rà á á san owó gọbọi. Kí ni àwọn oníbàárà ṣe? Ọ̀pọ̀ ra pátákó ọlọ́jà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń da BASIC kọ fún ara wọn. Ní February 1976, Gates kọ lẹ́tà ìta gbangba, ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jalè. A kò gbe olè, ṣùgbọ́n lójú tiwa, pátákó ìrántí tí kò dára ló fọ́n epo sí iná yẹn.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ti ZX81. Ní March 1981, Clive Sinclair ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde tí owó rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 69.95, ẹni tó bá fẹ́ tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀ á san 49.95. Tẹlifíṣọ̀n ilé ni a ń so ó mọ́. 1 KB ni ìrántí rẹ̀, inú 1 KB yẹn náà ni ó sì ti ń wá àyè fún ohun tó ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti ń kún ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyè iṣẹ́ ń dín kù. Sinclair tún ń ta àpótí dúdú kékeré kan tó ní 16 KB, tí a ń kì bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Owó rẹ̀? Pọ́n-ùn 49.95. Owó àtẹ nìkan dọ́gba pẹ̀lú owó odindi ẹ̀rọ tí a fọwọ́ ara wa tò. Àwọn òbí rà á, nítorí láìsí i ọmọ kò lè fi ẹ̀rọ náà ṣe ohun púpọ̀.

Àpótí yìí kò ní ìkọ́ kankan tó dì í mú. Ẹnu ló fi gbá etí pátákó inú ẹ̀rọ mú, ìyókù rẹ̀ sì kọ́ sẹ́yìn. Bí ọmọ bá fi agbára tẹ lẹ́tà kan, ẹ̀rọ á mì, àpótí náà á mì, ojú tẹlifíṣọ̀n á funfun. Ohun tó ti ń tẹ̀ láti ọ̀sán ti lọ nìyẹn. Àwọn ènìyàn fi téèpù dì í, wọ́n fi ohun rírọ̀ alẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri tì í, wọ́n kan gbogbo rẹ̀ mọ́ pákó kan ṣoṣo kó má bàa mì mọ́. Àwọn tó dàgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín dòní. Ẹ̀kọ́ ìgbà yẹn ṣì wúlò lónìí: ìrántí tí kò bá jókòó dáadáa kò yàtọ̀ sí ìrántí tó ti bàjẹ́.

Ní August ọdún kan náà ni IBM gbé PC tirẹ̀ jáde. Èyí tó kéré jù nínú wọn ní 16 KB, ó sì ní àyè sílẹ̀ lórí carte mère fún àfikún títí dé 64 KB. Ṣíìpù ni wọ́n ń rà nígbà náà, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án: mẹ́jọ fún iṣẹ́, ẹ̀kẹsàn-án ẹ̀ṣọ́ tó ń wò ó bóyá àwọn yòókù ṣì sọ òótọ́. Ṣíìpù kan ní ẹsẹ̀ 16. Bí ẹsẹ̀ kan bá tẹ̀ nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó parí. Lẹ́yìn náà ni a ó wá tún àwọn bọ́tìnnì tíntìntín orí pátákó ṣe láti sọ iye ìrántí tó wà níbẹ̀ fún ẹ̀rọ, nítorí kò lè kà á fúnra rẹ̀.

Ta ló gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ẹsẹ̀ títẹ̀? Wang Laboratories ni, ilé iṣẹ́ tí An Wang, ọkùnrin olórùka yẹn, dá sílẹ̀ ní 1951. Ní 1983, James Clayton tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ronú pé kí wọ́n fi òjé jó ṣíìpù mẹ́sàn-án mọ́ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan nílé iṣẹ́, kí oníbàárà wá máa fi pátákó náà odindi bọ inú ẹ̀rọ. SIMM ni wọ́n pè é. Àwọn tó ń sọ Faransé pè é ní barrette, orúkọ kan náà pẹ̀lú ohun tí àwọn ọmọbìnrin fi ń di irun. Lójú tiwa, òun ni ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí lẹ́yìn iṣẹ́ Dennard, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń kọ ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Kò mú ẹ̀rọ yára sí i. Ó kàn jẹ́ kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ lè ṣe é láìba nǹkan jẹ́. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ tó wọ inú ilé kan pẹ̀lú àtẹ kékeré lè dàgbà pẹ̀lú onílé.

Owó rẹ̀ ló kù tí kò dúró lójú kan. Ní July 1993, ilé iṣẹ́ Sumitomo Chemical kan ní Niihama, ní Japan, bú gbàmù. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú èròjà dúdú tí wọ́n fi ń bo ṣíìpù ní gbogbo ayé ti ń wá, owó barrette sì fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní August 1995, Windows 95 dé. Microsoft ní 4 MB tó fún un; ẹni tó fi 4 MB lò ó mọ̀ pé 8 ni òótọ́. Ìmìtìtì ilẹ̀ ní Taiwan ní September 1999 tún gbé owó náà sókè. Kì í sì ṣe iná àti ilẹ̀ mímì nìkan: ìjọba Amẹ́ríkà rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan ti ń pàdé pọ̀ ní kọ̀rọ̀ láti fi owó sí iye tó wù wọ́n. Ní 2005, Samsung gbà láti san owó ìtanràn mílíọ̀nù 300 dọ́là, Hynix mílíọ̀nù 185. Ní ìparí 2025, owó náà tún ń gun òkè, nítorí àwọn tó ń kọ́ ilé ẹ̀rọ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá ń ra ìrántí bí ẹni pé kò ní sí mọ́. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá ní owó ti yàtọ̀ sí ti oṣù tó kọjá, ó lè má jẹ́ pé ó ń rẹ́ wa jẹ.

Ní nǹkan bí ọdún 2000 ni ìran DDR bẹ̀rẹ̀, òun sì ni a ṣì wà nínú rẹ̀. DDR3 dé ní 2007, DDR4 ní 2014, DDR5 ní 2020. Ìran kọ̀ọ̀kan ní fólítì tirẹ̀: 1.5, 1.2, 1.1. Ti kọ̀ǹpútà agbérìn ní ẹsẹ̀ 204 fún DDR3, 260 fún DDR4, 262 fún DDR5, wọ́n sì gé àlàfo kékeré kan sí etí rẹ̀ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ìran kan má lè wọ ihò èkejì. Bí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe tirẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni DDR3 àti DDR3L. Wọ́n jọra lójú, ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀, ṣùgbọ́n 1.35 fólítì ni L ń lò. DDR3L lè gbé nínú ẹ̀rọ DDR3. DDR3 lásán kò lè gbé nínú ẹ̀rọ tó ń béèrè L, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà agbérìn tó jáde láti 2013 sì ń béèrè rẹ̀. Barrette kọ̀ǹpútà orí tábìlì gùn ní ìlọ́po méjì ti agbérìn, nítorí náà wọn kò lè pààrọ̀ ara wọn.

Apá tó ń dùn wá nìyí. Ní 2008, Apple gbé MacBook Air jáde, ó tín-ín-rín débi pé a lè fi í sínú àpòòwé, ìrántí rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi òjé jó mọ́ carte mère. Ní 2012 wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún MacBook Pro tuntun. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní ìdí: ìrántí tí a jó mọ́ ẹ̀rọ ń gba àyè díẹ̀, irú èyí tó ń jẹ iná díẹ̀ sì máa ń yára tó bá sún mọ́ ọpọlọ ẹ̀rọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹ̀rọ náà ní tuntun ní Paris, tó sì yan 4 GB nítorí pé ó tó fún iṣẹ́ tirẹ̀, ti yàn fún ọmọ Kétu tó máa rà á lọ́wọ́ kẹta ní ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà. Kò sí ihò, kò sí barrette. Ní December 2023, ẹgbẹ́ JEDEC tó ń ṣètò òfin ìrántí fọwọ́ sí irú tuntun kan, CAMM2, tó tín-ín-rín tó sì tún ṣeé tú. Yóò pẹ́ kí irú rẹ̀ tó dé èbúté wa.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí ọlọ́jà tan ẹ̀rọ. Nínú Windows 10 tàbí 11, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, lẹ́yìn náà Memory. Bí ó bá jẹ́ ti Faransé, Performance àti Mémoire. Ẹ ó rí iye ìrántí, bó ṣe ń yára tó, àti iye ihò tí ohun kan wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá hàn níbẹ̀ lè má péye fún ìrántí tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ tún wá orúkọ ẹ̀rọ náà gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mọ èyí tó pọ̀ jù tó lè gbà. Bí Windows rẹ̀ bá jẹ́ 32-bit, kò ní lè lo ju 4 GB lọ, bí ẹ tilẹ̀ kó 16 sí i. Barrette méjì tó jọra, 4 àti 4, sábà máa ń yára ju ẹyọ 8 kan lọ, nítorí ọ̀nà méjì ni ọpọlọ ẹ̀rọ ń gbà bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbèrò àti fi kún un lẹ́yìn ọ̀la, ẹyọ 8 kan ń fi ihò kan sílẹ̀.

Fífi í síbẹ̀ kò le. Ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí aṣọ ń ta pàràpàrà bí a bá ń bọ́ ọ, ara wa ń gbé iná tó lè ba ṣíìpù jẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tó kanlẹ̀. Ẹ tú ìdérí, ẹ fi ìka tẹ ìkọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó wà níbẹ̀ á sọ ara rẹ̀ sókè. Etí ni kí ẹ fi di tuntun mú, ẹ má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ aláwọ̀ wúrà. Ẹ wo àlàfo rẹ̀, ẹ kì í wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, títí tí ẹsẹ̀ wúrà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tí ìkọ́ fi dún kọ̀ọ́. Ti orí tábìlì, òòró ni a ń tẹ̀ ẹ́, ní etí méjèèjì.

Bí ẹ̀rọ bá ń ké píìpíì tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ má tíì bá ọlọ́jà jà. Ẹ pa á, ẹ yọ barrette náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù ìnuwé funfun pa ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, ẹ tún un kì. Bó bá ṣì ń ké, ẹ dán an wò ní ihò kejì, òun nìkan. Ọlọ́jà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ̀ kí ẹ dán an wò lójú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí náà ẹ gbé ẹ̀rọ náà dání lọ sí ọjà.